Hítà Inú Ọkọ̀ ní Ìlú Ooru: Ìtàn Ohun Tí A Gé Dànù

Òwúrọ̀ ọjọ́ kan nínú oṣù Ọ̀pẹ ni. Ọyẹ́ ti mú gan-an ní Ìbàdàn, ètè ń là, awọ ara ń funfun, àwọn ọmọ iléèwé sì ti wọ súẹ́tà. Bódìjà ni mo ti gbéra, Challenge ni mo ń lọ. Mo gba Mọ́kọ́lá, mo sọ̀kalẹ̀ sí Dùgbẹ̀, mo gun Òkè Bọ́là, mo sì já sí Ring Road. Ibẹ̀ ni súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ ti dá mi dúró. Nígbà tí ó ṣe díẹ̀, mo rí i pé abẹ́rẹ́ tí ó ń sọ bí ẹ́ńjìnnì ṣe gbóná tó ti kúrò ní àárín tí ó máa ń wà, ó sì ti ń sún mọ́ ibi pupa.

Bàbá àgbàlagbà kan tí ó ń wa takisí Micra wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ó rí èéfín omi tí ó ń yọ lábẹ́ bọ́néẹ̀tì mi, ó sì kígbe láti ojú fèrèsé rẹ̀ pé: "Ọ̀gá, ẹ pa éésì! Ẹ tan hítà, ẹ gbé e dé òpin!"

Mo kọ́kọ́ rò pé bàbá náà ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Ta ni yóò tún ko iná sí ilé tí ó ti ń jó? Síbẹ̀, ohùn rẹ̀ kò jọ ti aláwàdà. Mo yí bọ́tìnnì náà sí ibi pupa, mo sì tan fáànù dé òpin. Atẹ́gùn tí ó fẹ́ sí mi lójú tutù bí ti ìta. Kò sí ooru kankan nínú rẹ̀. Kí n tó rí àyè yà sẹ́bàá títì, ẹ̀pa kò bóró mọ́. Gáàsíkẹ́ẹ̀tì orí ẹ́ńjìnnì ti jó.

Nígbà tí mẹkáníìkì tú ọkọ̀ náà wò, ó fi sùúrù ṣàlàyé ọ̀rọ̀ fún mi. Ó ní ọkọ̀ mi kò ní hítà mọ́. Họ́ọ̀sì méjì tí ó ń gbé omi gbígbóná wọ inú ọkọ̀ ni ẹnìkan ti gé láti ọjọ́ pípẹ́, tí ó sì ti so wọ́n pọ̀ lábẹ́ bọ́néẹ̀tì. Mo bi í léèrè pé kí ló dé tí wọ́n fi ṣe bẹ́ẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní: "Ọ̀gá, kí la fẹ́ fi hítà ṣe ní Ìbàdàn?"

Ìbéèrè tí ó dára ni. Èmi náà ti ń wakọ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún láìbi ara mi. Ẹ̀yin òǹkàwé wa, mo fẹ́ kí a jọ dáhùn rẹ̀ lónìí, ìtàn ni a ó sì fi bẹ̀rẹ̀, nítorí pé ẹni tí kò bá mọ bí nǹkan ṣe dé ilé rẹ̀ kò lè mọ̀ bóyá ó yẹ kí ó gbé e sọnù.

Ooru tí ẹ́ńjìnnì kò lè lò

Inú ẹ́ńjìnnì ni epo bẹntiróòlù ti ń jó. Bí a bá pín agbára tí ó wà nínú epo náà sí ọ̀nà mẹ́ta, nǹkan bí ìdá kan péré ni ó ń di iṣẹ́ tí ó ń mú ọkọ̀ rìn. Nǹkan bí ìdá kan ń bá èéfín jáde lẹ́yìn ọkọ̀. Èyí tí ó kù ń wọ ara irin ẹ́ńjìnnì gẹ́gẹ́ bí ooru. Bí a kò bá rí ohun tí yóò gbé ooru yìí kúrò, irin yóò wọ́, ọ̀rá tí ó ń mú un yọ̀ yóò jó, ẹ́ńjìnnì yóò sì kú láìpẹ́ rárá. Ìdí nìyẹn tí omi fi ń yí ká inú rẹ̀. Pọ́ǹpù ni ó ń ti omi náà kiri. Omi yóò gba ooru lára irin, yóò gbé e lọ sí rédíétọ̀ níwájú ọkọ̀, atẹ́gùn yóò sì gba ooru náà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì kò fẹ́ òtútù pẹ̀lú. Ó ní ìwọ̀n ooru tí ó ń bá a lára mu, nǹkan bí 90 lórí òṣùwọ̀n Celsius nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀. Aṣọ́nà tí ó ń ṣọ́ ìwọ̀n yìí ni à ń pè ní tẹmọsítáàtì. Ìda wà nínú rẹ̀. Nígbà tí omi bá ṣì tutù, ìda náà á dì, ilẹ̀kùn tí ó lọ sí rédíétọ̀ á sì wà ní títì, kí ẹ́ńjìnnì lè tètè móoru. Nígbà tí omi bá gbóná dé ibi tí ó yẹ, ìda á yọ́, á fẹ̀, á sì ti ilẹ̀kùn ṣí. Kò sí iná mànàmáná níbẹ̀, kò sí kọ̀ǹpútà. Ìda lásán ni ó ń ṣe iṣẹ́ náà, ní òwúrọ̀ àti ní alẹ́, ní ilẹ̀ òtútù àti ní ilẹ̀ ooru.

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ètò yìí ni hítà wà. Rédíétọ̀ kékeré ni, kò ju ìwé ńlá kan lọ, tí wọ́n fi pamọ́ sẹ́yìn dáṣíbọ́ọ̀dù. Họ́ọ̀sì kan ń gbé omi gbígbóná láti inú ẹ́ńjìnnì wá sínú rẹ̀, èkejì ń dá omi náà padà. Fáànù yóò fẹ́ atẹ́gùn gba àárín rẹ̀ kọjá, atẹ́gùn náà yóò sì gbé ooru wọ inú ọkọ̀. Ooru tí à bá dà nù síta ni hítà ń sọ di ohun èlò fún wa.

Ọ̀nà méjì ni àwọn tí ó ń ṣe ọkọ̀ ń gbà darí ooru náà. Ọ̀nà àkọ́kọ́ ni kí a darí omi. Bí ẹ bá ń yí bọ́tìnnì láti ibi búlúù sí ibi pupa, wáyà kan ń fa fáàfù tí ó wà lójú họ́ọ̀sì, omi gbígbóná tí ó ń wọ hítà á sì máa pọ̀ sí i tàbí kí ó máa dín kù. Ọ̀nà kejì ni kí a darí atẹ́gùn. Nínú irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, omi gbígbóná máa ń wà nínú hítà nígbà gbogbo. Ohun tí bọ́tìnnì ń yí ni ilẹ̀kùn pẹlẹbẹ kan tí ó ń pín atẹ́gùn sí méjì: apá kan á gba ara hítà kọjá, apá kejì á gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, àwọn méjèèjì á sì pò pọ̀ kí wọ́n tó dé ojú wa. Bí ìyá àgbà ṣe máa ń bu omi tútù la omi gbígbóná kí ó tó fi wẹ ọmọ, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni. Nínú àwọn ọkọ̀ òde òní, kọ̀ǹpútà ni ó ń yí ilẹ̀kùn yìí: ẹ ó sọ iye ooru tí ẹ fẹ́, òun á sì wá ibi tí yóò gbé ilẹ̀kùn náà sí.

Bí ó ṣe bẹ̀rẹ̀ ní ilẹ̀ òtútù

Àwọn ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ àkọ́kọ́ kò ní hítà. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò tilẹ̀ ní òrùlé gidi. Ẹni tí ó bá fẹ́ wakọ̀ nígbà òtútù ní Yúróòpù tàbí ní Amẹ́ríkà máa ń da aṣọ nípọn bo ẹsẹ̀, ó sì máa ń gbé bíríkì tí a ti yán lórí iná tàbí àpótí ẹyín iná sábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Ohun tí wọ́n ń ṣe nínú ọkọ̀ tí ẹṣin ń fà ni wọ́n gbé wọ inú ọkọ̀ tuntun náà.

Lẹ́yìn náà ni ojú wọn là sí èéfín. Páìpù tí èéfín ń gbà jáde lára ẹ́ńjìnnì máa ń gbóná gidigidi. Wọ́n fi irin bò ó, wọ́n jẹ́ kí atẹ́gùn gba àárín ìbòrí náà kọjá, wọ́n sì darí atẹ́gùn gbígbóná yìí sínú ọkọ̀. Ẹni tí ó ra Ford Model A, tí wọ́n ṣe láti 1927 sí 1931, lè ra irú hítà bẹ́ẹ̀ sí i. Ó ń móoru, ṣùgbọ́n ewu wà níbẹ̀. Bí páìpù èéfín bá lu, èéfín tí ó ní carbon monoxide nínú yóò bá atẹ́gùn náà wọlé. Gáàsì yìí kò ní òórùn, kò ní àwọ̀, ó sì lè pa ènìyàn lójú oorun. Yàtọ̀ sí èyí, kò sí bí a ṣe lè darí irú ooru bẹ́ẹ̀ dáadáa: bí ẹ bá tẹ ọkọ̀ níná, ó ń jó yín lẹ́sẹ̀, bí ẹ bá dúró, òtútù á dé.

Láàárín àwọn ọdún 1930 ni hítà olómi gbilẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Omi inú ẹ́ńjìnnì kì í gbóná kí ó tutù lójijì bí èéfín. Tẹmọsítáàtì ń ṣọ́ ọ, nítorí náà ooru tí ó ń wá láti ara rẹ̀ dúró déédéé. Àpótí kékeré tí a so mọ́ abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù ni púpọ̀ nínú wọn ní ìbẹ̀rẹ̀, ohun tí wọ́n sì ń ṣe ni kí wọ́n máa yí atẹ́gùn inú ọkọ̀ ká. Èémí àwọn èrò á di ìrì lára gíláàsì, awakọ̀ kò sì ní ríran dáadáa. Ní 1938, ilé iṣẹ́ Nash ní Amẹ́ríkà gbé ètò kan jáde tí a wá mọ̀ sí Weather Eye nígbà tí ó yá. Ó ń fa atẹ́gùn tútù láti ìta, ó ń sẹ́ eruku kúrò nínú rẹ̀, ó ń gbé e gba ara hítà olómi kọjá, lẹ́yìn náà ni ó ń fẹ́ ẹ sínú ọkọ̀. Ìlànà yìí ni ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ṣì ń tẹ̀ lé títí di òní. Láti ìgbà náà ni hítà ti kọjá ohun tí ó ń mú ẹsẹ̀ móoru nìkan, ó ti di ara ohun tí ó ń jẹ́ kí awakọ̀ rí ọ̀nà.

Bí ó ṣe dé ọ̀dọ̀ wa

Ní ìparí àwọn ọdún 1950, nígbà tí ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ilé sí Bódìjà fún àwọn òṣìṣẹ́ àti àwọn ọ̀mọ̀wé, ọkọ̀ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bíi Morris àti Austin ni ojú mọ̀ jùlọ ní ìgboro. Nínú irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, hítà kì í ṣe dandan. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀, ẹni tí ó ra Morris Minor ìgbà náà tí ó sì fẹ́ hítà ní láti san owó lọ́tọ̀. Bí aráa Lọ́ńdọ̀nù bá ń ronú kí ó tó sanwó hítà, ẹ̀yin náà ẹ mọ ohun tí ará Ìbàdàn yóò ṣe.

Lẹ́yìn náà ni Volkswagen tí àwọn ènìyàn wa sọ ní ìjàpá nítorí ẹ̀yìn rẹ̀ tí ó rí gbìǹgbì gba gbogbo ìlú. Ọkọ̀ yìí kò mọ ohun tí ń jẹ́ omi tàbí rédíétọ̀. Ẹ̀yìn ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà, atẹ́gùn ni ó sì fi ń tutù. Hítà rẹ̀ padà sí ìlànà àtijọ́: atẹ́gùn á gba ẹ̀gbẹ́ páìpù èéfín, á sì gba ihò tí ó wà lábẹ́ ilẹ̀kùn ọkọ̀ dé iwájú. Nínú àwọn tí ó jáde gbẹ̀yìn, ọ̀pá kékeré tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ háńbíréèkì ni wọ́n fi ń ṣí i. Ìran kan tí ó kọ́ ọkọ̀ wíwà nínú ìjàpá lè wakọ̀ títí ọjọ́ ogbó láìmọ̀ pé omi ẹ́ńjìnnì lè mú inú ọkọ̀ móoru.

Ohun mẹ́ta ló wá yí ọ̀rọ̀ padà. Èkíní ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ kejì oṣù kẹrin ọdún 1972, nígbà tí Nàìjíríà fi apá òsì sílẹ̀ tí a bẹ̀rẹ̀ sí í wakọ̀ ní apá ọ̀tún. Láti ọjọ́ náà, ọkọ̀ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ọwọ́ ìtọ́kọ̀ rẹ̀ wà ní ọ̀tún kò bá ọ̀nà wa mu mọ́. Ojú wa yí sí àwọn ilẹ̀ Yúróòpù yòókù, àti sí Amẹ́ríkà nígbà tí ó yá.

Èkejì ni ọdún 1975. Ọdún náà ni ilé iṣẹ́ Peugeot bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ ní Kàdúná, tí ti Volkswagen náà sì bẹ̀rẹ̀ ní Èkó. Owó Udoji ti dé ọwọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba, ẹni tí kò tilẹ̀ lálàá ọkọ̀ rí sì di ọlọ́kọ̀. Pijó 504 ní rédíétọ̀, ó ní tẹmọsítáàtì, omi ni ó sì fi ń tutù. Ìgbà yìí ni àwọn mẹkáníìkì wa tí wọ́n mọ ìjàpá bí ẹni mowó wá ní láti mọ́ omi inú ẹ́ńjìnnì lára.

Ẹ̀kẹta ni 1986, nígbà tí ìjọba gbé ètò SAP kalẹ̀ tí iye náírà sì já wálẹ̀. Ọkọ̀ tuntun di ohun tí olówó ńlá nìkan lè rà. Bí ọkọ̀ àlòkù láti òkè òkun ṣe gba ọjà nìyẹn, púpọ̀ nínú wọn ń gba èbúté Kùtọnú wọlé. A sọ wọ́n ní Tòkunbọ̀, orúkọ ọmọ tí a bí sí ẹ̀yìn odi tí ó wá bọ̀ wálé. Bí ọmọ bẹ́ẹ̀ ṣe máa ń gbé kóòtù òtútù rẹ̀ dání wálé, bẹ́ẹ̀ ni àwọn ọkọ̀ yìí ṣe gbé hítà dání. Ilẹ̀ Jámánì, Bẹ́ljíọ̀mù àti Họ́láǹdì ni wọ́n ti lo ìgbésí ayé wọn àkọ́kọ́, níbi tí ènìyàn kò ti lè la ìgbà òtútù já láìsí hítà. Takisí Micra tí ó kún Agbowó, Dùgbẹ̀ àti Challenge lónìí wà lára ìdílé náà. A kò béèrè fún hítà, a kò sì dá owó rẹ̀ san. Ó kàn bá ọkọ̀ wọlé ni.

Bí a ṣe gé e

Ohun tí a kò béèrè kì í pẹ́ di ìdíwọ́ lójú ẹni. Bí hítà àlòkù bá ti gbó, ó lè bẹ̀rẹ̀ sí í jò. Omi á máa kán sí ẹsẹ̀ ẹni tí ó jókòó níwájú, kápẹ́ẹ̀tì á máa rùn, gíláàsì iwájú á sì máa ní nǹkan bí ọ̀rá lára. Láti pààrọ̀ rẹ̀, nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, a ní láti tú gbogbo dáṣíbọ́ọ̀dù, iṣẹ́ odidi ọjọ́ kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Láti gé họ́ọ̀sì méjì kí a sì so wọ́n pọ̀ kò gba ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ. Ìdí mìíràn tún wà. Nínú ọkọ̀ tí omi gbígbóná ń wà nínú hítà nígbà gbogbo, bí ilẹ̀kùn pẹlẹbẹ tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan bá kán, ooru á máa pò mọ́ atẹ́gùn éésì. Ọlọ́kọ̀ á máa pariwo pé éésì òun kò tutù mọ́, mẹkáníìkì á sì rí ọ̀nà àbùjá.

Nítorí náà, n kò dá mẹkáníìkì lẹ́bi lórí èyí. Àwa ọlọ́kọ̀ ni a ń sọ pé a kò ní owó púpọ̀, pé kí ó sáà jẹ́ kí a lè lọ. Ẹ́ńjìnnì tí a so họ́ọ̀sì rẹ̀ pọ̀ dáadáa sì lè ṣiṣẹ́ fún ọdún púpọ̀. Ohun tí ó burú ni bí èrò kan náà, pé ilẹ̀ wa gbóná tẹ́lẹ̀, ṣe tàn dé ibi tí kò yẹ kí ó dé.

Ó kọ́kọ́ tàn dé ara tẹmọsítáàtì. Bí ọkọ̀ bá ti ń gbóná jù, ohun tí ọ̀pọ̀ ń kọ́kọ́ yọ sọnù nìyẹn. Wọ́n ní kí omi máa ṣàn lọ fàlàlà. Ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì tí kò ní tẹmọsítáàtì máa ń pẹ́ kí ó tó móoru, kò sì ní dé ìwọ̀n ooru rẹ̀ bí ó bá ń sáré lójú ọ̀nà. Kọ̀ǹpútà inú ọkọ̀ á rò pé òwúrọ̀ ṣì ni, á sì máa da epo kún epo. Ọ̀rá ẹ́ńjìnnì kò ní gbóná tó láti lé omi tí ó wọ inú rẹ̀ jáde, irin á sì máa tètè jẹ. Nínú àwọn ẹ́ńjìnnì kan, tẹmọsítáàtì ni ó tún ń ti ọ̀nà ẹ̀bùrú tí omi lè gbà yẹ rédíétọ̀ sílẹ̀. Bí ẹ bá yọ ọ́, omi gbígbóná á máa gba ọ̀nà ẹ̀bùrú yẹn padà sínú ẹ́ńjìnnì, ọkọ̀ tí ẹ fẹ́ kí ó tutù á sì tún gbóná ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ó tún tàn dé ara omi. Àwọn òyìnbó ń pe ohun tí wọ́n ń dà mọ́ omi ní orúkọ tí ó túmọ̀ sí ohun tí kì í jẹ́ kí omi dì. A gbọ́ orúkọ náà, a sì pinnu pé kò kàn wá, nítorí omi kì í dì ní Ìbàdàn. Omi ẹ̀rọ tàbí omi kànga ni a ń dà sí i. Ṣùgbọ́n kúláńtì ń ṣe iṣẹ́ méjì mìíràn tí ó kàn wá gan-an. Oògùn tí kì í jẹ́ kí irin dípẹtà wà nínú rẹ̀, ó sì ń mú kí omi pẹ́ kí ó tó hó. Ìpẹtà tí omi lásán ń fà ni ó ń dí ihò tẹ́ẹ́rẹ́ inú rédíétọ̀, òun náà ni ó sì ń jẹ hítà títí yóò fi jò, tí a ó fi gé e. Ọwọ́ ara wa ni a fi ń pa hítà, kí a tó wá sọ pé kò wúlò.

Ohun tí a pàdánù

Ẹ jẹ́ kí a padà sí Ring Road, sí ọ̀rọ̀ bàbá onítakisí. Hítà jẹ́ rédíétọ̀ kejì. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń gbóná kọjá ààlà nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, bí ẹ bá pa éésì, tí ẹ ṣí fèrèsé, tí ẹ sì tan hítà dé òpin, ooru díẹ̀ á gba inú ọkọ̀ jáde. Ara yín á gbóná, ṣùgbọ́n ẹ lè rí ìṣẹ́jú díẹ̀ tí ẹ ó fi wá ibi tí ẹ ó dúró sí. N kò sọ pé ìbá gba ẹ́ńjìnnì tèmi là dájúdájú. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ilẹ̀kùn kan wà tí mo lè sá gbà, ẹnìkan sì ti mọ ògiri dí i láìsọ fún mi.

Hítà tún jẹ́ alọ́re. Bí abẹ́rẹ́ bá ń gòkè tí hítà sì ń fẹ́ atẹ́gùn tútù, ó ṣeé ṣe kí omi ti gbẹ nínú ẹ́ńjìnnì tàbí kí pọ́ǹpù má ti omi mọ́. Ẹ dúró lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ nígbà náà, ẹ pa ẹ́ńjìnnì. Ẹ má ṣe ṣí ìdérí rédíétọ̀ títí yóò fi tutù, nítorí omi tí ó wà lábẹ́ ìdérí náà lè gbóná ju omi tí ó ń hó lórí iná lọ. Bí ẹ bá ṣí i, á tú jáde lójijì. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ojú àti àyà wọn ti bó nípasẹ̀ èyí.

Èyí tí ó kàn wá jùlọ ni òjò. Ní oṣù keje, nígbà tí òjò bá ń rọ̀ láti òwúrọ̀ tí a sì ti gbogbo fèrèsé, èémí wa á di ìrì bo gíláàsì iwájú. Ẹ ti rí awakọ̀ tí ó ń fi ọwọ́ kan wakọ̀, tí ó ń fi àkísà nu gíláàsì pẹ̀lú ọwọ́ kejì. Éésì lè gba omi kúrò nínú atẹ́gùn. Ṣùgbọ́n bí éésì bá ti gbẹ atẹ́gùn náà tán, tí hítà tún mú un móoru díẹ̀ kí a tó darí rẹ̀ sí gíláàsì, kíákíá ni ìrì náà á gbẹ, ara èrò kò sì ní máa gbọ̀n. Àwọn tí ó ṣe ọkọ̀ fẹ́ kí éésì àti hítà jọ ṣiṣẹ́ bí ìbejì. A pa Táíwò, a wá ń bínú pé Kẹ́hìndé kò lè dá iṣẹ́ náà ṣe.

Kí wá ni ìdáhùn sí ìbéèrè mẹkáníìkì mi? Kí la fẹ́ fi hítà ṣe ní Ìbàdàn? A fẹ́ fi ríran nígbà òjò. A fẹ́ fi mọ ipò omi ẹ́ńjìnnì. A fẹ́ fi ra ìṣẹ́jú díẹ̀ ní ọjọ́ ìṣòro. Ní àárọ̀ ọyẹ́, tí a bá ń gbé ọmọ ọwọ́ lọ sí ilé ìwòsàn, a tún lè fi ṣe ohun tí wọ́n tìtorí rẹ̀ ṣe é. Ìlú wa gbóná lóòótọ́, ṣùgbọ́n ooru ìlú kò mọ bí a ṣe ń darí ooru ẹ́ńjìnnì.

Nísinsìnyí tí ọkọ̀ oníbátìrì ti ń gbilẹ̀ láyé, ọ̀rọ̀ yìí tún ti yí padà. Ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ kò ní ẹ́ńjìnnì tí ń jó epo, nítorí náà kò ní ooru púpọ̀ tí yóò ṣẹ́ kù. Ní ilẹ̀ òtútù, inú bátìrì ni ó ti ń fa agbára tí ó fi ń mú inú ọkọ̀ móoru, èyí sì ń dín ibi tí ọkọ̀ lè dé kù. Ohun tí a ń gé dànù lábẹ́ bọ́néẹ̀tì níbí ni àwọn mìíràn ń ná agbára bátìrì lé lórí níbòmíràn.

Bí ẹ bá gbé ọkọ̀ lọ sí ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì lọ́sẹ̀ yìí, ẹ bi í ní ìbéèrè mẹ́ta péré. Ṣé tẹmọsítáàtì wà nínú ọkọ̀ mi? Ṣé kúláńtì ni ó wà nínú rédíétọ̀, àbí omi lásán? Ṣé họ́ọ̀sì hítà ṣì wà ní ipò rẹ̀? Bí wọ́n bá ti gé e, kò pọn dandan kí ẹ dá a padà lónìí. Ẹ sáà mọ̀ pé kò sí níbẹ̀ mọ́, kí ẹ má baà wá a bí mo ṣe wá tèmi.

Mo ti dá tèmi padà. Dáṣíbọ́ọ̀dù wà nílẹ̀ fún odidi ọjọ́ méjì ní ilé iṣẹ́ mẹkáníìkì, ọ̀gá náà sì ń bú mi tẹ̀rín-tẹ̀rín pé ìwé kíkà ti pọ̀ jù fún mi. Nígbà tí a ń da kúláńtì tuntun sí i, òun fúnra rẹ̀ ni ó sọ pé kí n yí bọ́tìnnì hítà sí ibi pupa, kí atẹ́gùn má baà há sínú họ́ọ̀sì. Mo wò ó lójú. Gbogbo ìgbà tí ó ń bi mí pé kí la fẹ́ fi hítà ṣe, ó mọ̀.